Ìwé orúkọ àwọn social worker ní England: bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, àti ohun tí ń yọ èèyàn kúrò níbẹ̀

Ní England, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tàbí tó ń bá àwọn ọmọ tí ilé wọn dàrú ṣiṣẹ́ ló lè pe ara rẹ̀ ní social worker, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ. Òfin ló dáàbò bo orúkọ náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí àjọ Social Work England ń tọ́jú, tó wá ń fi orúkọ yẹn ṣiṣẹ́, ti rú òfin, ì báà ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ náà nílé. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó gba físà ìtọ́jú lọ síbẹ̀ ló ń da iṣẹ́ care worker, ìyẹn ẹni tó ń bá àwọn èèyàn wẹ̀, wọṣọ tàbí jẹun, pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Care worker kì í forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, bẹ́ẹ̀ ni iye ọdún tó bá lò nídìí iṣẹ́ yẹn kò lè sọ ọ́ di social worker. Ẹ̀kọ́ yunifásítì tí àjọ náà tẹ́wọ́ gbà ló ń sọni dà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Social Work England, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Sheffield, gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ HCPC, àjọ tó ń tọ́jú ìwé náà tẹ́lẹ̀. Agbára rẹ̀ kò kọjá England. Scotland ní àjọ tirẹ̀, SSSC, Wales ní Social Care Wales, Northern Ireland náà ní àjọ tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí a sì máa forúkọ care worker náà sílẹ̀. Social worker tó bá ti Manchester gba iṣẹ́ sí Glasgow ní láti forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun lọ́hùn-ún.

Ẹni tó kàwé jáde nílẹ̀ òkèèrè, ká ní ní Ìbàdàn tàbí Nsukka, máa kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á san owó àyẹ̀wò, á sì fi ìwé ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀rí, àlàyé kíkún nípa ẹ̀kọ́ tó kọ́ àti ẹ̀rí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́. Àlàyé nípa ẹ̀kọ́ yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Transcript tí kò ní ju àmì kọ́ọ̀sì àti máàkì lọ kò sọ ohunkóhun fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ti England ń lo 200 ọjọ́ nídìí ìkọ́ṣẹ́ kó tó gboyè, ní ibi tí ó yàtọ̀ síra. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí onítọ̀hún ti kọ́ṣẹ́, iye ọjọ́ tó lò, irú àwọn èèyàn tó bá ṣiṣẹ́, àti ẹni tó ń bójú tó o. Ẹ̀ka tó ti kàwé ló lè kọ èyí. Kó gbà á lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé, kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wíwá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì láti òkèèrè kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ máa kọ́kọ́ sọ ìmọ̀ rẹ̀ dọ̀tun. Bó bá tó ọdún méjì, tí kò tíì pé márùn-ún, 30 ọjọ́ ni wọ́n ń béèrè. Bó bá ti lé lọ́dún márùn-ún, 60 ọjọ́. Ó lè fi iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó, ẹ̀kọ́ nílé ìwé tàbí ìwé kíkà fúnra rẹ̀ dí i, ṣùgbọ́n ìwé kíkà fúnra ẹni kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ.

Wíwọ inú ìwé náà kò tíì parí ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni ọdún ìforúkọsílẹ̀, ìgbà tí èèyàn sì lè sọ ọ́ dọ̀tun ni láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án títí di òpin oṣù Kọkànlá. Nǹkan mẹ́ta ló ní í ṣe: kó kún fọ́ọ̀mù, kó san owó, kó sì kọ CPD (àkọsílẹ̀ ohun tó kọ́ lẹ́nu iṣẹ́) méjì ó kéré tán sórí àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà, tí ọ̀kan nínú wọn máa jẹ́ èyí tó bá ẹlòmíì jíròrò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí owó máa jáde ní báńkì fúnra rẹ̀, kí onítọ̀hún sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Owó nìkan kì í sọ orúkọ dọ̀tun.

CPD yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí. Nọ́ọ̀sì ń ka wákàtí 35 lọ́dún mẹ́ta. Social worker kò ní iye wákàtí kankan láti kà, kò sì sí máàkì tí wọ́n ń kó jọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ́ CPD, ìwádìí tí èèyàn kà lè jẹ́ ẹ, ohun tí ìyá ọmọ kan sọ nípa bí wọ́n ṣe ṣe sí i náà lè jẹ́ ẹ. Ohun tí àjọ náà ń wá ni ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ púpọ̀ ti ń já kulẹ̀.

Ẹ wo èyí, nípa òfin tó dá lórí bóyá èèyàn lè dá ìpinnu ṣe: "Mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́ta lórí Mental Capacity Act. Ó yé mi yékéyéké, ó sì wúlò fún mi." Òótọ́ lè ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni rí àǹfààní ẹ̀kọ́ náà. Èyí tó pójú òṣùwọ̀n máa lọ báyìí: "Tẹ́lẹ̀, bí mo bá lọ yẹ ìyá àgbàlagbà kan wò bóyá ó ṣì lè dá ìpinnu ṣe, mo máa ń bi í nípa owó, ilé àti oògùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, màá sì kọ ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Òfin ọdún 2005 yẹn fẹ́ ká yẹ ìpinnu kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, ní àkókò tó bá délẹ̀. Ní báyìí, àárọ̀ tí ojú ìyá máa ń dá ni mo ń lọ, mo sì ń kọ ìdí tèmi lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí mo bá ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́, ó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ pé ọmọ tó fẹ́ ta ilé náà ló ń ṣe ògbufọ̀. Ògbufọ̀ tí kò bá wọn tan ni mo ń pè láti ìgbà náà."

Ìbéèrè ẹlẹgbẹ́ yẹn gan-an ni àǹfààní ìjíròrò. Ẹni tí a bá jíròrò lè jẹ́ ọ̀gá, ẹlẹgbẹ́ tàbí oníṣẹ́ mìíràn bíi nọ́ọ̀sì. Kíkọ "ọ̀gá mi gbà pẹ̀lú mi" kò tó. Ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi kún ìrònú èèyàn ni wọ́n fẹ́ kà. Orúkọ, àdírẹ́sì tàbí ohunkóhun tí wọ́n fi lè dá ẹni tí a ń tọ́jú mọ̀ kò gbọdọ̀ hàn níbẹ̀ rárá. Àwọn olùyẹ̀wò a máa fa àkọsílẹ̀ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún yọ láìyan lójú láti kà.

Ó sàn kéèyàn kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù Kọkànlá á rántí àkòrí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, á ti gbàgbé ohun tó yí padà. Ó tún yẹ kó jẹ́ ímeèlì tara ẹni ló wà lórí àkáǹtì náà: ẹni tó lo ti ibi iṣẹ́, tó wá yí iṣẹ́ padà, kò ní rí ìránnilétí. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ agency, tí iléeṣẹ́ kan ń rán láti ibi iṣẹ́ kan sí òmíràn, ni èyí ń mú jù.

Bí ọjọ́ bá kọjá láìjẹ́ pé orúkọ di ọ̀tun, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ẹnikẹ́ni ló lè wá orúkọ nínú ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó gbani síṣẹ́ á sì tètè rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, onítọ̀hún kò lè ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi social worker. Àwọn ìdílé tó ń bójú tó á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Kó tó padà, ó ní láti kọ̀wé béèrè fún ìdápadà, kó san owó, kó sì kó CPD tó jẹ sílẹ̀ wá.