Bí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Eré Orí Ìtàgé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn

Kí ẹ̀kọ́ tó dé ni eré ti wà nílẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Arts Theatre sínú ọgbà, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnikẹ́ni kò gba oyè nítorí eré nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń fi ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ṣe é ni. Nígbà tó di 1961, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú.

Lọ́dún 1962, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n bá dá School of Drama, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ eré, sílẹ̀. Geoffrey Axworthy, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni olùdarí àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ránṣẹ́ pe Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ fún eré, wá bá wọn gbé ní yunifásítì. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, Lánkẹ́ Ọ̀mu ti délẹ̀, eré nípa ọ̀mu kan, tó mú jáde láti inú The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutùọlá. Demas Nwoko ló ya ìtàgé àti aṣọ ìṣeré. Ògúnmọ́lá dá ọgbọ́n kan sí i: ó mú kí ẹmu pa Lánkẹ́ tó fi sùn lọ, kó wá lálàá gbogbo ìrìn-àjò tó rìn lọ wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú láàárín òkú. Lọ́dún 1963, Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é nínú gbọ̀ngàn yunifásítì.

Lọ́dún 1967, Wọlé Ṣóyínká gba ipò olùdarí, ṣùgbọ́n ìjọba ológun tì í mọ́lé nígbà ogun abẹ́lé, kò sì jáde títí di 1969. Ọdún 1969 yẹn náà ni Joel Adédèjì fi iṣẹ́ ìwádìí lórí eré alárìnjó, eré àwọn òṣèré eégún tó ń rìn kiri, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn. Ó tọpasẹ̀ eré lọ bá eégún ààfin Ọ̀yọ́. Eré wọn yìí náà ni Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, rí ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, tí ọ̀kan nínú wọn jáde ní funfun báláú, tó ń sín òyìnbó jẹ níṣojú òyìnbó: ó ń gbọ̀n fún òtútù, ó ń fín áṣáà, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn èrò hó yèè! Lójú tèmi, iṣẹ́ Adédèjì ló jẹ́ kí ẹ̀ka yìí lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn eré láti ilé wa, kó tó kan ti Gíríìkì.

Lọ́dún 1970, School of Drama di Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Theatre Arts. Nígbà tí Ṣóyínká lọ, Adédèjì ló bọ́ sí ipò olórí.