Ẹwìrì ni Bàbá: Bí Fífún Háídrójìn Láìdọ̀tí Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti dúró nílé arọ l'Óǹdó nígbà tí ọdún Ògún ń sún mọ́lé yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó ti ẹwìrì, á di ọ̀pá méjì mú, á gbé ọ̀kan sókè, á tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi bo igi náà lójú á wú, á tún fọ́n, atẹ́gùn á gba ojú ihò lọ bá iná. Ọwọ́ ò kan atẹ́gùn. Awọ ló wà láàárín. Lójú tèmi, ìró tó ń dún, wìrì, wìrì, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ibẹ̀ ni mo gbà pé ìtàn bí wọ́n ṣe ń fún háídrójìn, gáàsì tí àwọn mọ́tò kan ń lò bí epo, pọ̀ láìdọ̀tí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan ń kà á láti Paris, ní 1783, tí Jacques Charles fi háídrójìn gbé bàlúùnù sókè. Ara irin àti ásíìdì ni gáàsì yẹn ti jáde. Kò sẹ́ni tó fún un pọ̀ sínú táńkì mọ́tò.

Ọ́ìlì lọ̀tá háídrójìn. Mo fi áńkáṣíìfù funfun dí ẹnu rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkánáísà kan ní Road Block l'Ákúrẹ́. Àbàwọ́n dúdú ló kù lórí rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń mú písítìn yọ̀ ló gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bá atẹ́gùn jáde. Táyà lè gbà á, ṣùgbọ́n platinum, irin olówó ńlá inú fuel cell, ẹ̀rọ tó ń sọ háídrójìn di iná mànàmáná nínú mọ́tò, ò gbà á. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 14687 ní kí háídrójìn mọ́tò mọ́ dé 99.97%, kí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ má ju 0.004 lọ nínú mílíọ̀nù kan.

Ní 1916, Henri Corblin, ará Faransé, fi pẹlẹbẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe awọ fún ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀. Ọ́ìlì ń tì í láti abẹ́, gáàsì wà lókè, méjèèjì ò fojú kanra. Mẹ́ta ni wọ́n ń tò léra wọn báyìí: bí ọ̀kan bá sán, ohun tó bá jò sáàárín wọn ló máa ta wọ́n lólobó kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ gáàsì. N ò ní Corblin wá sí Oǹdó o. Ọgbọ́n kan náà ni, alágbẹ̀dẹ ló sì kọ́kọ́ ní i.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ gáàsì Linde fi iyọ̀ olómi rọ́pò písítìn, tí Toyota Mirai, mọ́tò tó ń lo háídrójìn, sì jáde ní 2014 pẹ̀lú táńkì 700 bar, ìyẹn bí ìlọ́po 700 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká.

Bí awọ ẹwìrì bá ya, alágbẹ̀dẹ á tú u, á so tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ pẹlẹbẹ irin Corblin títí dòní.