Kí Ẹ Tó Bo Ojú, Ẹ Bo Ẹyinjú

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwa Yorùbá ń lò fún ohun tí a fi ń ríran àti fún gbogbo ibi tó wà láàárín iwájú orí àti àgbọ̀n: ojú. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ní kí ọmọṣẹ́ tuntun bo ojú kó tó tan gíráíńdà, ẹ̀rọ tí dísìkì rẹ̀ ń yí láti fi gé irin tàbí lọ irin, ìbòjú fífẹ̀ tó ń ṣí sókè sódò ló máa gbé sórí, á wá wò mí bí ẹni pé, "Ọ̀gá, mo ti bò ó." Lóòótọ́, ó bo ojú. Kò tíì bo ẹyinjú.

Abẹ́ ìbòjú yẹn ṣí sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ò pa dé. Ẹ̀rún irin kì í sì fi gbogbo ìgbà fò tààrà. Ó lè kọ́kọ́ ba àyà yín tàbí ara tábìlì iṣẹ́, kó ta padà, kó gba abẹ́ àgbọ̀n gòkè. Tí ẹ bá tún fẹ́ wo ibi tí ẹ gé dé ńkọ́? Ẹ ó gbé ìbòjú sókè, dísìkì ò sì tíì dúró. Ìdí nìyí tí awò ààbò tó gbá ojú mọ́ra, tó bo ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ìbòjú á wá wà lórí rẹ̀.

Awò ìkàwé kọ́ là ń sọ o. Ìyẹn lè fọ́, kí ẹ̀rún tirẹ̀ gan-an wọnú ojú. Ẹ wo ara awò tàbí apá rẹ̀ fún àmì: Z87+ ní ìlànà Amẹ́ríkà, EN 166 ní ti Yúróòpù. Bí ẹ bá rí lẹ́tà F lára ti Yúróòpù, wọ́n ti fi ọta irin róbótó tó fẹ̀ ní 6 mm dán an wò, tó ń fò ní mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì fọ́. Àmọ́ etí dísìkì gíráíńdà lè sáré tó mítà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn kan náà. Awò nìkan tó fún ẹ̀rún wẹ́wẹ́. Bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá fọ́, ìbòjú ló máa gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín yín là.

Ìwọ̀n eré tí dísìkì lè gbà wà lára rẹ̀. Dísìkì tó fẹ̀ ní 115 mm sábà máa ń jẹ́ ìyípo 13,300 ní ìṣẹ́jú kan, ti 230 mm jẹ́ 6,650 péré. Ẹni tó bá yọ gáàdì, irin tó bo ẹ̀gbẹ́ dísìkì, kúrò kí ó lè fi dísìkì ńlá sórí ẹ̀rọ kékeré, kò sí awò tí mo lè júwe fún un. Bí ẹ bá pààrọ̀ dísìkì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó yí lásán fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fi kan irin.

Jórinjórin ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ará iṣẹ́ mi wí díẹ̀. Awò dúdú tí a fi ń gbafẹ́ nínú oòrùn kò lè dá iná wẹ́dì dúró. Gíláàsì nọ́ńbà 10 sókè ni iná mànàmáná ń fẹ́. Ẹni tó bá wò ó ní ìhòòhò ojú lè má mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Lóru ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni pé iyanrìn kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá jó o tán, a ó ṣí ìbòjú sókè, a ó máa fi òòlù kan ìdàrọ́, èèpo líle tó bo ibi tí a jó, kúrò. Ìdàrọ́ gbígbóná yẹn, tààrà sínú ojú ni. Awò funfun gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìbòjú dúdú.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì yọ awò. Ẹ tẹ orí síwájú, ẹ di ojú, ẹ gbọn irun àti ìpéǹpéjú, nítorí ibẹ̀ ni eruku irin ń sá pamọ́ sí. Ẹ má fi kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn líle, fẹ́ ojú. Ẹ má sì fi tínà nu awò. Omi àti ọṣẹ ló yẹ ẹ́.

Bí nǹkan bá wá wọlé ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi ìṣáná, òòfà tàbí ahọ́n yọ ọ́. Bí eruku lásán bá ni, omi mímọ́ á gbé e lọ. Bí ásíìdì bá ni, ẹ ṣí ojú sábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó ronú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀rún tó lẹ̀ mọ́ ojú, dókítà ojú ló ni ín, lọ́jọ́ náà gan-an, torí irin tètè ń dípẹtà sínú ẹyinjú. Ìgbà tí a bá ń fi òòlù lu irin líle ló ń bà mí lẹ́rù jù: ẹ̀rún kékeré lè wọlé pátápátá, kó má fi bẹ́ẹ̀ dunni, kí ojú ṣì máa ríran. Ẹ sọ fún dókítà pé irin lẹ ń lù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé yín wọ ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, lọ́jọ́ iwájú, kódà bó jẹ́ nítorí ẹ̀yìn dídùn, ẹ tún un sọ: òòfà ẹ̀rọ yẹn lè fa ẹ̀rún tó ti ń gbé inú ojú yín láti ọdún pípẹ́.