Kí ló dé tí Red Line kì í yọ lemọ́lemọ́ bíi Blue Line? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí rélùwéè Èkó

Ẹni tó ń gbé Agége, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina, mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Rélùwéè Red Line ti dé, ibùdókọ̀ tuntun wà nílẹ̀, síbẹ̀ àsìkò tí ọkọ̀ máa kọjá ló gbọ́dọ̀ fi ṣètò ọjọ́ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti fi í sílẹ̀ lọ, inú dánfó ló máa padà sí. Ẹni tó ń wọ Blue Line ní Mile 2 kò ní irú wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ló dá ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀, LAMATA, àjọ tó ń mójú tó ètò ìrìnnà Èkó, kan náà ló ń bójú tó wọn, káàdì Cowry kan náà la sì fi ń wọ̀ wọ́n. Àwọn ìbéèrè tí èrò máa ń béèrè ni mo kó jọ síbí, kí n lè dáhùn wọn ní kíkún.

Ìbéèrè: Ojú irin ta ni Red Line ń gbà?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Red Line kò ní ojú irin tirẹ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ló ń gbà láti Agbado wá sí Ọ̀yìngbò. Ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ Ìbàdàn ń gbà á, ọkọ̀ ẹrù tó ń ti Àpápá bọ̀ náà ń gbà á. Kí ọkọ̀ Red Line tó gbéra, àfi kí ó rí àyè láàárín wọn.

Ojú irin náà méjì ni lóòótọ́, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Ṣùgbọ́n rélùwéè kò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó sá ọkọ̀ iwájú kọjá bí awakọ̀ dánfó ṣe máa ń ṣe. Red Line ní ibùdókọ̀ mẹ́jọ: Agbado, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín, Yábàá àti Ọ̀yìngbò. Níbi tó bá ti dúró kí èrò sọ̀ kí èrò wọ̀, ọkọ̀ Ìbàdàn tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra máa bọ̀. Ọkọ̀ tó ń dúró káàkiri àti ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n jọ há sójú irin kan. Kò sí bí wọn ò ṣe ní máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ rántí BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ló sọ ọ́ di BRT. Níbi tí ọ̀nà yẹn bá ti parí, bọ́ọ̀sì ńlá lásán ni, inú gósìlóò kan náà ni òun àti dánfó jọ máa wà. Bí ọ̀rọ̀ Red Line ṣe rí nìyẹn.

Ìbéèrè: Blue Line wá ńkọ́?

Ti Blue Line yàtọ̀ nítorí òun ló ni ojú irin rẹ̀. Láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún: Marina, National Theatre, Orílé-Ìgánmú, Sùúrù-Alábà, Mile 2. Àárín títì márosẹ̀ Àgbádárìgì ló gbà, wọ́n fi ọgbà yí i ká, ó wá gun afárá sọdá omi wọ Erékùṣù. Kò sí ọkọ̀ ẹlòmíì lórí rẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, epo dísù ló ń lò, ìrìn 12 péré ló sì ń rìn lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n tan iná mànàmáná sí i ni ìrìn rẹ̀ tó pọ̀ sí i ní ìlọ́po ìlọ́po. Tí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa. Irin méjì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gùn, ṣùgbọ́n irin kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó nà gbọọrọ bá wọn lọ. Irin kẹta yẹn ni iná ń gbà. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ kóòṣì tó máa ń fara kàn án bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, ibẹ̀ lọkọ̀ ti ń fa iná tó fi ń rìn. Ọkọ̀ oníná máa ń tètè mú eré, ó sì máa ń tètè dúró, ìyẹn ló dára fún ọ̀nà tí ibùdókọ̀ kò jìnnà síra.

Iná yẹn kì í ṣe iná ilé o. Ẹni tó bá fo ọgbà torí pé ó fẹ́ gba àbùjá, ikú ló ń wá kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó wà ní Orílé àti agbègbè Mile 2, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ ọ́, kí ẹ sì tún un sọ.

Ìbéèrè: Ṣebí kí ìjọba ra ọkọ̀ sí i fún Red Line ni, ọ̀rọ̀ á sì parí?

Kò lè parí síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ra ọkọ̀ Talgo ní 2022, ọkọ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà tí wọn ò sì lò ó níbẹ̀. Ọkọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ra ogún irú rẹ̀ lọ́la, ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí ni èyí tó pọ̀ nínú wọn máa wà, nítorí kò sí àyè lójú irin.

Iye èrò tí rélùwéè lè gbé wà lọ́wọ́ nǹkan méjì: bí ọkọ̀ kan ṣe gùn tó, àti iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ kan ń gbé 1,000 èèyàn. Tó bá ń yọ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, 1,000 náà ló máa gbé. Tó bá ń yọ ní ìṣẹ́jú ogún-ogún, ó di 3,000. Tó bá wá di ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, 12,000 ni, lójú irin kan náà.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè tẹ̀ lé ara wọn tó bẹ́ẹ̀ ni iná àmì. Wọ́n máa ń pín ojú irin sí abala-abala, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú abala kan, nítorí ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójijì. Ó máa rìn jìnnà lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti tẹ búrékì. Tí abala bá kúrú, tí àmì sì péye, àwọn ọkọ̀ á lè súnmọ́ ara wọn láìsí ewu. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, lẹ́yìn tí wọ́n tún àmì Victoria line ṣe, ọkọ̀ 36 ló ń kọjá ní wákàtí kan nígbà tí èrò bá pọ̀ jù. Èrò kò ní rí àmì yìí, kò sì sí ẹni tó máa ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bá ná sí i kò ṣòfò.

Ìbéèrè: Ṣé ọkọ̀ Blue Line kò lè máa bá wa dé Ìkẹjà?

Fífẹ̀ ojú irin kọ́ ló dí i lọ́wọ́, mílímítà 1,435 ni méjèèjì. Iná ni kò sí lójú irin Red Line.

Ìbéèrè: Kí ni àwọn afárá tí wọ́n kọ́ sí Ìkẹjà, Mùṣín, Yábàá àti Ọ̀yìngbò wà fún?

Kí mọ́tò má bàa máa gba orí irin kọjá mọ́ ni. Bí rélùwéè bá ṣe ń yọ léraléra tó, bẹ́ẹ̀ ni géètì á ṣe máa wà ní títì tó, gósìlóò ibẹ̀ á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti ẹ̀mí èèyàn tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba ní PWD, nítòsí Ìkẹjà, àwọn kan tó jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò sì dé ilé mọ́. Lójú tèmi, kò sí owó tó lọ síbi tó tọ́ ju ti afárá wọ̀nyẹn lọ, ó sì yẹ kí irú rẹ̀ wà níbi gbogbo tí títì bá ti pàdé ojú irin.

Ìbéèrè: Ṣé òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe ojú irin tirẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023 ti mú rélùwéè kúrò ní ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Ìbéèrè: Èwo ló yẹ kó ṣáájú báyìí, kí wọ́n fa ojú irin lọ síwájú ni àbí kí wọ́n tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe?

Iṣẹ́ Blue Line láti Mile 2 sí Okokomaiko, kìlómítà 14, gbọ́dọ̀ parí. Ẹ̀ka tí a bá dá dúró lágbede méjì, ìyà ló máa ń fi jẹ ìlú. Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ metroline, rélùwéè àárín ìlú, ní 1983, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, ọdún 2023 sì ni èrò tó wọ Blue Line. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn ti fẹ̀yìn tì. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ètò Green Line náà wà, láti Marina lọ sí Lẹ́kí Free Zone. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, Ọ̀yìngbò ni mo máa kọ́kọ́ mójú tó. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ tó ń lọ Marina ṣì gbọ́dọ̀ wá bọ́ọ̀sì tó máa gbé e sọdá omi, èrò Red Line àti èrò Blue Line kò sì tíì pàdé níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, ní 1902, tíráàmù kékeré tó ń fi ooru omi rìn ti ń ti Ìdó gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù. Kí Red Line wọ Erékùṣù, kí ó sì ní ojú irin tirẹ̀ láti Agbado wá, kí ọkọ̀ ẹrù Àpápá àti ti Ìbàdàn máa gba tiwọn. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin Èkó bi LAMATA léèrè nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìsúná wá: ojú irin ta ni, ìṣẹ́jú mélòó sì ni láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì?