Ìhun ẹlẹgbẹ́ ni ó yẹ kí a máa pè é

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé gírámà Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB, kò sì sí ibi tí inú ti máa ń bí mi tó ibi tí a bá dé orí ohun tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "parallel structure". Ẹ̀kọ́ náà kò le. Orúkọ tí a ń fún un ní Yorùbá ni ó ń da àwọn ọmọ láàmú. Àwọn olùkọ́ kan kàn fi ohùn Yorùbá pe ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní "páráléẹ̀lì sítírọ́kṣọ̀", wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn kan ní "ìhun àìpàdé", àwọn kan ní "ìhun ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́", àwọn tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ sì ní "gbólóhùn adọ́gba". Èmi ń pè é ní ìhun ẹlẹgbẹ́. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé orúkọ tí a bá fún nǹkan yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ ohun tí yóò máa wá nígbà tí ó bá ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.

Òfin náà kò gùn rárá. Bí ọ̀rọ̀-asopọ̀ bá so nǹkan méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn nǹkan náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn: bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ; bí ti àkọ́kọ́ bá parí sí "-ing", kí ìyókù parí síbẹ̀; bí ó bá jẹ́ odidi awẹ́-gbólóhùn, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e náà jẹ́ odidi awẹ́-gbólóhùn. "She likes cooking, dancing and to read" ti ṣẹ̀ sí òfin yìí. "She likes cooking, dancing and reading" ni ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ àwọn orúkọ náà wò. N kò lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò. Búrẹ́dì, kọ̀ǹpútà àti rédíò wọ èdè wa, kò sì sí ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi, nítorí pé ọ̀rọ̀ àti ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí ni wọ́n jọ wọlé. Ẹni tí ó bá rí búrẹ́dì lórí tábìlì ti mọ ohun tí búrẹ́dì jẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni a gbé ka iwájú ọmọ tí a sọ fún pé "páráléẹ̀lì sítírọ́kṣọ̀"? Ohun tí kò yé e ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni a tún dá padà fún un, pẹ̀lú àmì ohùn lórí.

"Ìhun àìpàdé" burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ó ń ṣini lọ́nà. Inú ìṣirò ni wọ́n ti mú un wá, níbi tí a ti ń kọ́ wa pé irú ìlà méjì bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ fà wọ́n lọ títí láé, wọn kò ní pàdé. Ti gbólóhùn kò rí bẹ́ẹ̀. Pípàdé tí àwọn ọ̀rọ̀ náà pàdé lórí "and" tàbí "or" gan-an ni ó bí òfin yìí. Bí wọn kò bá pàdé, kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá wọ́n bá ara wọn mu.

"Ìhun ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́" ni ó sún mọ́ tèmi jù ní lẹ́tà, òun náà ni ó sì jìnnà sí i jù ní ìtumọ̀. Àmì ohùn ni ó wà láàrin wa, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní nǹkan kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ni ibi tí nǹkan wà sí ara wọn, bí ìgbà tí a bá ní kí ẹnì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ ni ẹni tí ó bá ẹnì kan mu ní ọjọ́ orí tàbí ní ipò. Nínú gbólóhùn tí mo ní kò tọ́ lẹ́ẹ̀kan, "dancing" àti "to read" wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Orúkọ tí ó bá gbólóhùn tí ó tọ́ mu, tí ó sì bá èyí tí kò tọ́ mu, kò wúlò fún ẹni tí ń wá àṣìṣe.

"Gbólóhùn adọ́gba" ni ó ṣòro fún mi láti bá jà, nítorí pé àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ó ni ín, iṣẹ́ ńlá ni ó sì ń ṣe ní àyè rẹ̀. Bí àgbà bá sọ pé "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà", etí ẹni tí ń gbọ́ ni ó ń gbádùn ìdọ́gba náà, kò sì sí orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ju adọ́gba lọ. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ "adọ́gba" yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọ̀rọ̀. Mo kọ gbólóhùn yìí sí ojú pátákó nígbà kan: "He works slowly and with great care." Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní kò dọ́gba, ó sì tún un kọ báyìí: "He works very, very slowly and with great care", kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lè wà níhìn-ín, kí mẹ́ta sì wà lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ní àléébù kankan. "Slowly" àti "with great care" ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àwọn méjèèjì ń sọ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹgbẹ́ ni wọ́n, bí ọ̀kan tilẹ̀ kúrú tí èkejì gùn. Ẹlẹgbẹ́ ẹni lè ga juni lọ, kò ní kó má jẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi "adọ́gba" sílẹ̀ fún àwọn akéwì.

Ìhun ní tirẹ̀, n kò ní pààrọ̀ rẹ̀ fún ohunkóhun, nítorí pé inú "hun" ni ó ti wá, aṣọ sì ni ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń rò bí a bá ní kí a hun nǹkan. Ẹ wo aṣọ òkè. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kì í hun odidi ìró lẹ́ẹ̀kan lórí òfì. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀ ni ó ń hun, èyí tí a ó gé sí ọgbọọgba, tí a ó sì máa rán ọ̀kan mọ́ ọ̀kan ní etí títí yóò fi di ìró. Ọ̀kan lè pupa, kí èkejì jẹ́ àwọ̀ aró. Oníṣẹ́-ọnà ni yóò sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kúrú ju ìyókù lọ, tàbí tí a lọ gé e láti ara aṣọ mìíràn tí kì í ṣe òfì, bí aránṣọ bá fà á títí, ojú rírán yóò hunjọ, gbogbo ẹni tí ó bá sì wo ìró náà ni yóò mọ ibi tí ó ti bàjẹ́. "And" ni òwú tí a fi rán an. Òwú kò mọ irú aṣọ tí ó ń so pọ̀.

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ń ṣubú, n kò sì tíì rí ìwé gírámà kan tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀-asopọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. "Àti" kì í gba ohun tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ wọlé: a ní "iṣu àti ẹ̀wà", a kì í ní "ó jẹun àti sùn". Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni a fẹ́ so pọ̀, "sì" ni a ń pè: "ó jẹun, ó sì sùn". Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi "àti" so ọ̀rọ̀-ìṣe dandan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-orúkọ, gbogbo wọn pátá, kí ó tó kọjá: "jíjẹ àti mímu", "láti jẹ àti láti mu". Kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tí ń ṣì í tẹ́lẹ̀. "And" ti Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń so orúkọ mọ́ orúkọ nínú "bread and butter", ó ń so ìṣe mọ́ ìṣe nínú "ate and slept", ó ń so àpèjúwe mọ́ àpèjúwe nínú "black and white", kò sì ní bá ọ wí bí o bá so orúkọ mọ́ ìṣe. Ọmọ Yorùbá ti inú ilé tí ó ní aṣọ́nà bọ́ sínú ilé tí kò ní, a kò sì sọ fún un pé òun ni yóò máa ṣọ́nà fúnra rẹ̀ báyìí. Ohun tí ó tún wá dùn mí jù ni pé "and" náà ti ń padà wá ba "àti" jẹ́. "Ó jẹun àti ó sùn" ti ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ó sì pọ̀ nínú ìtumọ̀ tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Nítorí ìdí yìí, Yorùbá ni mo fi ń tún àṣìṣe náà ṣe. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ti ṣe olùkọ́ rí mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "My duties included teaching Primary Four, to mark the register and I also supervised the children during break." Mo ní kí ó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì náà ná, kí ó sọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "iṣẹ́ mi ni". Kò tilẹ̀ ronú, ó ní: "Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, mímáàkì rẹ́jísítà, àti bíbójútó àwọn ọmọ ní àkókò ìsinmi." Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "kí", "mí" àti "bí", mo ní kí ó wo bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún un, mo sì kọ "-ing" sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó kọ ìyókù: "teaching Primary Four, marking the register and supervising the children during break."

Bí ẹ bá ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó pa òfin náà mọ́ dáadáa, ẹ gbọ́ ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí Felicia Adébọ́lá Adédoyin kọ ní ọdún 1976. "To be faithful, loyal and honest": ọ̀rọ̀-àpèjúwe mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, "to serve Nigeria with all my strength, to defend her unity and uphold her honour and glory". "To" ṣíwájú "be", ó ṣíwájú "serve", ó ṣíwájú "defend", "uphold" sì wà lábẹ́ "to" kan náà pẹ̀lú "defend". Ẹ fi "loyalty" sí àyè "loyal", kí ẹ sì kà á sókè, ẹnu yín yóò kọsẹ̀.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tí ó bá tẹ̀ lé "not only" ni ẹgbẹ́ ohun tí yóò tẹ̀ lé "but also": "She speaks not only Yoruba but also French", kì í ṣe "She not only speaks Yoruba but also French". Ẹgbẹ́ ni a fi ń wé ẹgbẹ́ bí "than" bá wọlé: "Walking is better than riding", kì í ṣe "than to ride". Bí "rent" Èkó bá ju ti Ìbàdàn lọ, kí a má fi "rent" wé ìlú, kí a kọ "higher than that in Ibadan". Àwọn kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni eléyìí, n kò rí èrè tí ó wà nínú ìyàtọ̀ náà.

Ẹnì kan ti bá mi jiyàn pé ènìyàn nìkan ni a ń pè ní ẹlẹgbẹ́, pé ọ̀rọ̀ kò ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń sọ pé ilé yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tọ̀hún, pé aṣọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a rà lọ́dún tó kọjá. Gbólóhùn kúkúrú yẹn náà ni mo ń kọ sí etí ìwé àwọn ọmọ nísinsìnyí. Nígbà tí mo ń kọ "kò dọ́gba", wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ "kì í ṣe ẹgbẹ́" báyìí, ìka wọn á lọ sórí "and", wọ́n á wo apá ọ̀tún rẹ̀, wọ́n á wo apá òsì, wọ́n á sì fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò bá àwọn yòókù mu.