Ibi Tí Sójà Oníke Ti Rí Ìwọ̀n Rẹ̀

Lórí tábìlì mi ní Ìrẹ́mọ, nínú Ilé-Ifẹ̀, lébìrà mẹ́rin ń walẹ̀. Ẹni tó ga jù nínú wọn kò ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ. Sójà oníke ni wọ́n nígbà tí mo rà wọ́n. Mo gé ìbọn kúrò lọ́wọ́ wọn, mo fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dípò, mo po gọ́ọ̀mù fọ́-mínìtì, mo fi mọ fìlà fún wọn. Ìta Yemoò ni wọ́n ń tẹ́, ibi tí àwọn ère idẹ àtijọ́ ti jáde nínú ilẹ̀ Ifẹ̀, ọdún 1957 ni, ọkọ́ ẹnì kan sì fẹ́ kan idẹ. Irú ìran kékeré báyìí ni wọ́n ń pè ní dáyórámà. Ọmọ ará ilé kan wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, ta ló ní kí wọ́n tóbi tó báyìí?"

Orúkọ dáyórámà yẹn kò bá ère kankan wá sáyé. Ní 1822, ní Páríìsì, Louis Daguerre àti Charles Bouton ṣí ilé ìran kan tí wọ́n pè ní Diorama. Aṣọ fífẹ̀ gbàràmù ni wọ́n ya àwòrán sí, àwọn èèyàn jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n sì ń yí ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn aṣọ náà títí ọ̀sán fi di alẹ́ lójú wọn. Iná jó ilé ọ̀hún ní 1839. Orúkọ rẹ̀ ló kù tí àwọn ẹlòmíràn gbé.

Àwọn sójà kéékèèké ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní Nuremberg ní Jámánì, wọ́n ti ń rọ wọ́n pẹlẹbẹ bí ewé, 30 mìlímítà sì ni gíga tó wá di àṣà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi wọ́n sọ ìtàn odindi ogun kan ni William Siborne, ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́jọ ló fi gbé lórí pápá Waterloo, níbi tí Napoleon ti fìdí rẹmi ní 1815, ó ń wọn ilẹ̀. Nígbà tó pàtẹ àwòṣe pápá ogun náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1838, àwọn sójà òjé tó wà lórí rẹ̀ lé ní 70,000. Owó tirẹ̀ ló ná tán sí i. (Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, kó má fi ti Siborne han ìyàwó rẹ̀.)

Ní 1893, ilé iṣẹ́ William Britain ní Lọ́ńdọ̀nù rí ọgbọ́n dá: wọ́n á da òjé yíyọ́ sínú àpótí ìrọ, wọ́n á yí i po, wọ́n á da ti àárín padà síta, sójà náà á sì ní ihò nínú. Òjé tó ń lọ sí i dín kù, owó rẹ̀ náà já wálẹ̀. 54 mìlímítà ni gíga rẹ̀, kó lè bá rélùwéè ìṣeré ìgbà náà mu.

Ti sójà oníke tèmi ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìdá kan nínú 35 èèyàn gidi ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ 35, tí kì í ṣe 30 tàbí 40? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Tamiya ní Shizuoka, ní Japan, tí wọ́n ti ń fi igi ṣe ohun ìṣeré tẹ́lẹ̀, fi ike ṣe ọkọ̀ ogun ìṣeré kan, irú ti Jámánì tí wọ́n ń pè ní Panther, tó ń fi mọ́tò rìn. Bátìrì méjì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Wọ́n fún ikùn rẹ̀ ní àyè tó gba bátìrì, wọ́n parí rẹ̀, ó tà wàràwàrà. Ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú 35 ti gidi ni. Ní 1968 wọ́n ṣe àwọn sójà tó máa bá a lọ, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tọ ẹsẹ̀ wọn. Bátìrì ló dá gíga fún lébìrà Ìta Yemoò.

Kíkùn tún ní wàhálà tirẹ̀. A lè dín èèyàn kù, a ò lè dín ìmọ́lẹ̀ kù. Oòrùn máa ń ta òjìji sábẹ́ fìlà èèyàn gidi, àmọ́ iná yàrá kì í ta nǹkan kan sábẹ́ fìlà tí kò tó èékánná. Nítorí náà, ẹni tó ń kun ère náà ló máa kun òjìji: ọ̀dà dúdú ṣíṣàn á wọ inú ìṣẹ́po aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ á sì fa ọ̀dà tó mọ́ díẹ̀ kọjá lórí ibi tó yọ síta. Shepard Paine ará Chicago ló tan irú ọgbọ́n yìí kálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ń fi sínú páálí ọkọ̀ oníke.

Nílé wa níbí, Thomas Ọ̀nà Odùlàtẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ń gbẹ́ àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kéékèèké lásìkò ìjọba wọn, yíǹkì pupa, yíǹkì dúdú àti ẹfun bàtà ló sì fi ń kùn wọ́n. Ní Ọ̀wọ̀, láàárín àwọn ọdún 1930, Justus Akérédolú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ èèyàn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́. Kò nílò ọ̀dà. Ẹ̀gún funra rẹ̀ ní àwọ̀.

Ní Ifẹ̀ ńkọ́? Ère Ọọ̀ni tó jáde ní Ìta Yemoò ga tó nǹkan bí 47 sẹ̀ǹtímítà, orí nìkan sì kó bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ti èèyàn gidi jẹ́ bí ìdá kan nínú méje. Kì í ṣe pé ẹni tó fi idẹ rọ ọ́ kò mọ ìwọ̀n, torí àwọn orí idẹ tí wọ́n wú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 kò yàtọ̀ sí orí ẹni tó ń mí. Lójú tèmi, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni: orí lẹlẹ́dàá ẹni, kò sì sí bátìrì tó máa dá a lẹ́kun.

Ọọ̀ni yẹn ló kù tí n ó tẹ́ sínú kòtò àwọn lébìrà mi. Tí mo bá fi 35 pín in, ó ku mìlímítà 13, orí rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí 3. Mo ti mọ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọwọ́ mi sọ orí náà di kékeré, bíi ti sójà. Mo ti fi bíléèdì gé ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta lálẹ́ àná. Ara rẹ̀ dúró lórí abẹ́rẹ́, ó ń dúró de orí.