Metacognition: kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé

"Mo ti kà á." Bí ẹ bá bi ọmọ SS3 léèrè bóyá ó ti múra ìdánwò sílẹ̀, èsì tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ó kà á lóòótọ́. Ó ka nóòtù Bàọ́lọ́jì rẹ̀ láti páálí dé páálí, ó fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tó ṣe pàtàkì, ó sì tún un kà nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Àfìgbà tó jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò tó rí ìbéèrè ló tó mọ̀ pé ohun tí òun rò pé ó wà lórí òun kò sí níbẹ̀. Òbí á ní kò kàwé. Olùkọ́ á ní kì í fetí sílẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọ náà á wá gbà fúnra rẹ̀ pé olódo ni òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ọmọ yìí kò ní ọ̀nà kankan tó fi lè mọ̀, kó tó dé gbọ̀ngàn ìdánwò, bóyá òun mọ iṣẹ́ náà àbí òun kò mọ̀ ọ́n.

Ọgbọ́n tí kò ní yẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń pè ní metacognition. John Flavell, tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú ọmọdé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwádìí ní àwọn ọdún 1970. Ohun tó túmọ̀ sí kò le: kí èèyàn máa mójú tó ìmọ̀ ara rẹ̀. Apá kan rẹ̀ ni kí n mọ bí orí mi ṣe ń ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ tó ń tètè yé mi àti irú èyí tó ń ni mí lára. Apá kejì ni kí n máa ṣọ́ ara mi bí mo ṣe ń kàwé lọ: ṣé ohun tí mò ń kà yìí ń yé mi? Bí kò bá yé mi, ibo ló ti dojú rú, kí ni kí n sì ṣe sí i? Apá kejì yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lè dá dúró ti ń yàtọ̀ sí èyí tí a gbọ́dọ̀ máa tì kiri.

Flavell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó nǹkan síwájú àwọn ọmọdé, wọ́n ní kí wọ́n máa wò ó títí yóò fi dá wọn lójú pé àwọn lè dárúkọ gbogbo rẹ̀ lórí. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ wò ó, wọ́n ní àwọn ti ṣetán, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n sì ti ṣetán lóòótọ́. Àwọn kéékèèké náà wò ó, àwọn náà ní àwọn ti ṣetán, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò ṣetán. Ọmọ SS3 tó ń sọ pé "mo ti kà á" ṣì wà níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké yẹn wà. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ kéré. A kọ́ ọ ní Bàọ́lọ́jì, a kọ́ ọ ní Kẹ́mísírì, a ò kọ́ ọ bí yóò ṣe yẹ ara rẹ̀ wò.

Kí ló dé tí àkàtúnkà fi ń tàn wá jẹ? Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis gbé ìwádìí kan jáde tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà. Àwọn kan fi abala àkókò mẹ́rin kà á ní àkàtúnkà. Àwọn mìíràn fi abala kan kà á, wọ́n wá fi mẹ́ta tó kù kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sórí ìwé, láìwo àyọkà náà mọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á ní àkàtúnkà ló ń lé iwájú: wọ́n rántí nǹkan bí 83 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kejì rántí 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ohun tó kù lórí àwọn tó kà á ní àkàtúnkà kò ju 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí àwọn tó ń kọ ọ́ láìwòwé ṣì ní 61 lọ́wọ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwádìí yẹn ni pé wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè bí wọ́n ṣe rò pé àwọn máa rántí tó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó kà á ní àkàtúnkà ló fọkàn balẹ̀ jù, àwọn náà ló gbàgbé jù. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ojú bá ti rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, kíkà rẹ̀ á máa yọ̀ lẹ́nu, ọkàn á sì ka ìrọ̀rùn yẹn sí ìmọ̀. Ìdánwò kì í bi wá bóyá a dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ tí a bá rí i. Ó ń ní ká mú un jáde nígbà tí ìwé kò sí nítòsí. Ẹni tí kò bá tíì mú un jáde rí nílé kò lè mọ̀ bóyá yóò jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò nílé. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni x² − 5x + 6 = 0. Ó tú u sí (x − 2)(x − 3) = 0, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé x jẹ́ −2 tàbí −3. Ọmọ tó ń dúró de olùkọ́ á pa ìwé dé níbẹ̀, á gbé e lọ lọ́la kí wọ́n bá òun máàkì rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí dá −2 padà sínú iṣẹ́ náà. −2 lọ́nà −2 jẹ́ 4. −5 lọ́nà −2 jẹ́ 10. 4 àti 10 àti 6 jẹ́ 20, bẹ́ẹ̀ òdo ló yẹ kó jẹ́. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ti wọ́. Ó kọ́kọ́ yẹ àkámọ́ méjèèjì wò, ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó rí i pé x² − 5x + 6 ló padà fún un, kò sí àléébù níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìlà tó tẹ̀ lé e ni àṣìṣe wà: bí x − 2 bá jẹ́ òdo, x gbọ́dọ̀ jẹ́ 2, kò lè jẹ́ −2. Ó fi 2 dán an wò: 4 − 10 + 6, òdo. Ó fi 3 dán an wò: 9 − 15 + 6, òdo. Kò sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Òun ló rí àṣìṣe rẹ̀, òun ló rí ibi tó ti wọlé, òun ló tún un ṣe.

Ìṣirò rọrùn láti yẹ̀ wò báyìí torí nọ́ńbà kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Nínú iṣẹ́ tó kù, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà ìyẹ̀wò tirẹ̀. Èyí tí mo fọkàn tán jù ni bébà òfìfo: pa ìwé dé, kọ ohun tó o rántí nípa orí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ṣí ìwé, fi báírò pupa kọ ohun tó o fò àti ohun tó o ṣì. Ibi tí pupa bá wà nìkan ni kó o tún kà. Lọ́jọ́ kẹta tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún gbé bébà mìíràn. Kó o tó ṣí ìwé, ó dára kó o kọ "ó dá mi lójú" tàbí "kò dá mi lójú" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tó o ti kọ pé ó dá ọ lójú, tó o sì kùnà, ni kó o dúró sí pẹ́. Àwọn olùwádìí ti rí i pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ló rọrùn jù láti tún ṣe bí a bá ti fi òtítọ́ hàn èèyàn, torí ìyàlẹ́nu rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè gbàgbé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìgboyà. A máa ń rò pé ìyìn ló ń fún ọmọ ní ìgboyà: "O mọ̀wé o, wàá pàsì." Ìyìn dára, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má yin ọmọ. Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1977, ka ọ̀rọ̀ ìyànjú mọ́ àwọn orísun ìgboyà lóòótọ́, àmọ́ èyí tó fi ṣe olórí ni kí èèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan tó le, kó sì yọrí. Ọmọbìnrin tó rí àṣìṣe rẹ̀ lórí x = −2 ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún un lọ́la pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin, ó mọ ohun tí òun ṣe lánàá. Ọmọ tí a kàn ń yìn kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan péré tó bá le lè gba gbogbo ìgboyà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà gidigidi pé ẹ̀rù tó ń lé àwọn ọmọ lọ sídìí èkìspo wá láti ibẹ̀: ẹni tí kò lè yẹ ara rẹ̀ wò kò ní ohun tó máa fọkàn tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan àwa olùkọ́ náà. Bí a bá kọ́ iṣẹ́ tán, a máa ń bi kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Ìbéèrè yẹn kò wọn ohunkóhun. Bí a bá lò ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn láti ní kí olúkúlùkù pa ìwé dé, kí ó kọ ohun méjì tó yé e àti ohun kan tó rú u lójú, àwa náà á mọ ibi tí a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ọmọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a kọ́ bí a ṣe ń yọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ mọ ọ̀nà yìí dáadáa: àjákù aṣọ ló ń kọ́kọ́ fún ọmọṣẹ́, òun ló ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà fún un, tó bá yá, ọmọṣẹ́ á fa ìlà fúnra rẹ̀, ọ̀gá á kàn wò ó kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ, tó bá tún yá, ọ̀gá á jáde lọ ra òwú. David Wood, Jerome Bruner àti Gail Ross ṣàpèjúwe irú ìrànlọ́wọ́ tí a ń dín kù bẹ́ẹ̀ ní 1976, wọ́n pè é ní scaffolding. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìnnì, ọ̀gá kì í jáde rárá. Olùkọ́ ń yanjú ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn lórí pátákó, ọmọ ń dà á kọ, òbí ń sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́sìnnì tí ọmọ yín ń lọ wúlò, ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló dá ṣe níbẹ̀ kí olùkọ́ tó ṣe é.

Ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó há ìdáhùn wọn sórí kò jèrè ohun púpọ̀. Ẹni tó ṣe é láìwo ìdáhùn, tó fi aago sí i bí wọ́n ṣe ń fi sí i ní WAEC, tó wá máàkì ara rẹ̀, ti rí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ pé ó wà: WAEC máa ń gbé ìròyìn àwọn ọ̀gá àgbà tó ń máàkì ìwé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sọ ibi tí àwọn tó jókòó ìdánwò ti ṣe dáadáa àti ibi tí wọ́n ti ń ṣubú, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe ìbéèrè náà, kó wá ka ìròyìn yẹn, kó wò ó bóyá inú ọ̀fìn tí àwọn yòókù jìn sí ni òun náà jìn sí.

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé, "Èmi tí mi ò kàwé, kí ni mo fẹ́ fi ran ọmọ lọ́wọ́?" Ẹ lè ṣe púpọ̀. Ní 1994, Michelene Chi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ní ìwé lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká ara. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan fún ara wọn lóye rẹ̀ ju àwọn tó kàn ń kà á lọ. Àlàyé ni iṣẹ́ náà, èdè yòówù kó jẹ́. Ọmọ tó ń ṣàlàyé ní Yorùbá kò tiẹ̀ lè fi gẹ̀ẹ́sì inú nóòtù bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí lẹ kọ́ lónìí?"

"Osmosis ni, mà."

"Sọ ọ́ kó yé mi."

"A gbẹ́ ihò sára iṣu tútù, a bu omi iyọ̀ sínú ihò náà, a wá gbé iṣu náà sínú àwo omi lásán. Nígbà tó yá, omi inú ihò ga sí i."

"Ta ló bu omi kún un?"

"Kò sẹ́ni tó bù ú, mà. Omi inú àwo ló gba ara iṣu wọlé, torí iyọ̀ tó wà nínú ihò."

"Tó bá jẹ́ iṣu sísè ńkọ́?"

Ọmọ dákẹ́. Ó ní òun ń bọ̀. Ó lọ ṣí nóòtù rẹ̀, iṣu sísè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tilẹ̀ ti fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ni wọ́n ń se iṣu fún. Ó wá inú ìwé títí ó fi rí i. "Mà, kò ní gòkè. Iná ti ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣu jẹ́, kò lè yan ohun tó máa kọjá mọ́." Lálẹ́ ọjọ́ náà ló kọ ìbéèrè kan sẹ́yìn nóòtù rẹ̀ láti bi olùkọ́ lọ́jọ́ kejì: ṣé torí pé awọ yẹn ti bàjẹ́ ni iyọ̀ tí a ń fi sínú omi iṣu fi máa ń wọ inú rẹ̀ bó bá ti ń jinná?